Ojú Tó Wà Nínú Ìbòòji

Ẹni tó bá ní ayé ò kéré, kó wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sisí Pẹ̀lẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan. Ó jókòó jẹ́jẹ́ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò wá ìjà ẹnikẹ́ni, ni ìyá àgbàlagbà kan bá gun àtẹ̀gùn wọlé, ó yọ fọ́tò kan nínú báàgì, ó sì gbé àfẹ́sọ́nà Sisí Pẹ̀lẹ́ kalẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

Iṣẹ́ àtúnṣe fọ́tò ni Sisí Pẹ̀lẹ́ ń ṣe ní ilé ìyàwòrán kan tó wà lókè ilé oògùn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bí oníbàárà bá ń kánjú, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lẹ́, fọ́tò kì í ṣe ìjà." Ẹni tí oòrùn ti jẹ iwájú orí rẹ̀ nínú fọ́tò, ẹni tí ojú rẹ̀ ti wọnú òkùnkùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e wá.

Ìyá náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ méjì sì há sí àyà aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó sáré dìde nídìí ẹ̀rọ. Aránṣọ ni.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó máa ń tún fọ́tò ṣe?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jókòó."

"Ojú ọmọ mi yìí ni mo fẹ́ rí. Ojú rẹ̀ nìkan. Ohun tó kù, má fọwọ́ kàn án rárá."

Sisí Pẹ̀lẹ́ wo fọ́tò náà. Ìta gbangba ni wọ́n ti yà á, oòrùn mú ganrínganrín. Obìnrin kan dúró láàárín, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n láti ọrùn lọ sókè, ìbòòji ti gbé e mì, eyín rẹ̀ nìkan ló hàn. Ọkùnrin kan dúró tì í, oòrùn ń pa á, ó pajú dé díẹ̀. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún rẹlẹ̀ ju tòsì lọ. Sisí Pẹ̀lẹ́ mọ èjìká yẹn. Ọjọ́ Àìkú àná ló gbé orí lé e.

Ó fi ìka tẹ gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ imú.

"Ṣé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yà á, mà?"

"Ó pẹ́. Ọmọ náà ti kú láti bí ọdún mẹ́ta. Àwọn fọ́tò tó kù, àìsàn ti wà lójú ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Èyí nìkan ni ara ẹ̀ ti le. Ojú ọ̀hún ni mi ò wá rí." Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Òun nìkan ni mo bí."

Sisí Pẹ̀lẹ́ ì bá ti sọ nígbà náà pé òun mọ ọkùnrin inú fọ́tò. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mà. Ẹ óò jókòó tì mí, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ ojú wọn."

Ọkùnrin inú fọ́tò yìí, Oníjígí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé òun ló ń yẹ ojú wò, tó sì ń ṣe gíláàsì fún àwọn èèyàn. Ojú tó ń ta Sisí Pẹ̀lẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ló gbé e dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníjígí ní kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri, ó kà á. Ó ní kó wo ojú òun, ilẹ̀ ló wò. Láti ìgbà yẹn, gíláàsì tí kò fún un létí, Oníjígí á gun àtẹ̀gùn wá bi í bóyá ó ń fún un. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìyàwòrán ní kó kúkú gbé àga tirẹ̀ wá, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì ti di ọ̀rọ̀.

Kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Ó sọ pé òun ti ní ìyàwó rí, ó sì kú. Ó sọ pé ìyá ìyàwó òun kò ní ẹlòmíràn láyé. "Òun ni mò ń pè ní màmá. Mi ò lè gbéyàwó láìsọ fún un. Mi ò sì mọ ẹnu tí màá fi sọ ọ́." Ẹnu tó ń wá yẹn ni kò tíì rí láti ọjọ́ yìí wá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá Aránṣọ jókòó tì í títí eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Sisí Pẹ̀lẹ́ sọ fọ́tò náà di ńlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà wẹ́wẹ́ yí ojú obìnrin náà ká: láti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ etí, yí àgbọ̀n po, kó tó gòkè padà. Ohun tó bá wà nínú ìlà yẹn ni iṣẹ́ á kàn. Ohun tó wà lóde, ariwo ò kàn án. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ìbòjú lé e. Ibi tó bá kùn ní dúdú lára ìbòjú yẹn, ìmọ́lẹ̀ ò ní wọbẹ̀. Ibi tó bá kùn ní funfun, ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ á gbà wọlé. Ó fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀, ojú obìnrin náà sì yọ.

Màmá Aránṣọ gbọ́wọ́ lé ẹnu. Nígbà tó pẹ́, ó sún mọ́ ọn.

"Ojú rírán hàn."

"Ẹ ní kí ni, mà?"

"Wo ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n yìí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n lẹ aṣọ tuntun mọ́ àkísà. Èèyàn á mọ̀ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni."

"Òótọ́ ni. Mi ò tíì mú etí ẹ̀ rọ̀ ni." Ó mú etí ìlà náà rọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa tán díẹ̀díẹ̀ kó tó dé ọrùn.

"Ó tún ti pọ́n jù. Ọmọ mi kì í ṣe òyìnbó o."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sisí Pẹ̀lẹ́, ó sì fa ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. "Bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló kọ́kọ́ máa ń dìde." Ìyá náà fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ọwọ́ ẹ tutù, ọmọ mi. Àwọn ìyá kan ń bímọ o." Ohùn rẹ̀ wá yí padà. "O ò rí i, àna mi tó wà níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní obìnrin kan ti ń fà á lẹ́wù. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Òun nìkan ló kù tó ń pè mí ní màmá. Tó bá ti rí ìyá ìyàwó mìíràn, kí ni wọ́n á tún máa fi èmi ṣe?"

Máòsì yọ̀ lọ́wọ́ Sisí Pẹ̀lẹ́. Ìlà tó ti fà já wọnú imú òkú, ó sì ní láti tún un fà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù Oníjígí lọ. Ẹ̀rọ tó fi ń lọ dígí ń kùn. Oníjígí pa á nígbà tó rí ojú rẹ̀.

"Màmá rẹ ti wá sọ́dọ̀ mi."

"Màmá mi wo?"

"Màmá ìyàwó rẹ. Ojú ọmọ wọn ni mò ń tún ṣe. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ mi, wọ́n sì ń bú mi lójú ara mi, wọn ò mọ̀ pé èmi ni."

Oníjígí jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga àwọn tó wá yẹ ojú. "Má tíì sọ fún wọn. Jọ̀ọ́. Jẹ́ kí èmi wá ọ̀nà."

"Ọ̀nà tí o ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ṣé ó sọnù ni?"

"Ṣé o rò pé ó rọrùn? Tí mo bá ti la ẹnu, bí ẹni pé mo tún sin ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kejì ni."

"Èmi ńkọ́? Kí ni kí n máa ṣe? Kí n máa jókòó kí n máa gba ìbùkún tí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń fún?"

Oníjígí mú gíláàsì ẹnìkan, ó ń nù ún, ibi tó mọ́ tónítóní ló tún ń nù. Sisí Pẹ̀lẹ́ wò ó títí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lójú ọ̀nà, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ìyá òkú báyìí á lè dá ilé alààyè dúró.

Kó tó délé, ọ̀rọ̀ mìíràn ti ń dúró dè é. Ẹ̀gbọ́n Oníjígí tó ń ṣe alárinà wọn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, jókòó sí pálọ̀ bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ le. Bàbá náà, tó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, kì í fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Mo ti sọ fún àǹtí yín pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ò wá gba ìyàwó o. Wọ́n wá jẹ́jọ́ ni."

"Ẹjọ́ kí ni, bàbá?"

"Mo ti wádìí. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ìyàwó ẹ̀ kú ní ọsibítù, ilé ẹ̀ ló wà tó ń sùn. Ọkùnrin tó lè sùn nígbà tí ìyàwó ẹ̀ ń kú lọ, ṣé ọwọ́ ẹni yẹn ni kí n fi ọmọ mi lé?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ náà ní ìdí."

"Kó wá sọ ìdí ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń jáde, ó fa Sisí Pẹ̀lẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò mi ò jẹ́ sọ ìdí yẹn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún mọ̀ ọ́n, ẹni yẹn ò sì ní sọ ọ́ nítorí tìẹ."

Sisí Pẹ̀lẹ́ ò bi í pé ta ni. Ó ti mọ̀ pé Màmá Aránṣọ ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá Aránṣọ padà wá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó na ìka sí kọ̀ǹpútà.

"Ṣé o lè yọ ọ́ kúrò?"

"Ta ni, mà?"

"Òun." Ìka rẹ̀ wà ní àyà Oníjígí. "Mo gbọ́ pé ọ̀la ni wọ́n ń lọ tọrọ obìnrin yẹn. Òun fúnra ẹ̀ ló wá sọ ọ́ lánàá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ó dáa. Kó máa lọ. Yọ ọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, kí ọmọ mi dá dúró."

Ẹnu iṣẹ́ Sisí Pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ti yọ bẹ́ẹ̀: ọkọ tó sá lọ, ọ̀rẹ́ tó di ọ̀tá, àna tí wọ́n jọ ń bá ara wọn jà. Èèyàn á fìlà yí ẹni náà ká, á mú un kúrò, á sì fi ògiri tàbí koríko dí ojú ibẹ̀. Ó mú máòsì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká ọ̀tún tó rẹlẹ̀ yẹn, ó sọ̀kalẹ̀ gba apá, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, omi ń gbé sójú rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Nígbà tó dé àtẹ́lẹwọ́, ó dúró.

"Màmá, ẹ wo ọwọ́ wọn yìí."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Ó sọ ibẹ̀ di ńlá. Ọ̀pá tínínrín kan wà lọ́wọ́ Oníjígí, ó gòkè lọ, etí fọ́tò sì gé orí rẹ̀ kúrò. "Agboòrùn ni wọ́n dì mú. Ẹni tó ya fọ́tò ló gé orí ẹ̀ sóde. Ìbòòji tó bo ojú ọmọ yín, ara agboòrùn yìí ló ti wá. Gbogbo ẹ̀ ni ọkọ wọn gbé sórí wọn. Òun fúnra ẹ̀ wà nínú oòrùn."

Màmá Aránṣọ tẹjú mọ́ ọn. 

"Orí máa ń fọ́ ọ tí oòrùn bá pa á," ni ó sọ, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. "Láti kékeré ni."

Ibẹ̀ ni Sisí Pẹ̀lẹ́ ti mọ̀ pé bí òun ò bá sọ ọ́ báyìí, òun ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ó fi máòsì sílẹ̀.

"Màmá, mi ò lè yọ wọ́n. Kì í ṣe nítorí agboòrùn nìkan. Èmi ni obìnrin tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ lọ́la."

Ìyá náà ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Nígbà tó yé e, ó dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ?"

"Èmi ni, mà."

"Láti ọjọ́ Ajé?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti gbé fọ́tò kalẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ má bínú, mà."

"Ẹ̀rù! O jókòó, ò ń fọwọ́ pa ojú ọmọ mi lára, ò ń bi mí bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín! Ohun tó kù fún mi láyé, o ti kó gbogbo ẹ̀ sọ́wọ́ kan!" Ó mú fọ́tò rẹ̀, kò rí ẹnu báàgì fi í sí, ó ń gún un síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọ̀gá yọjú, Sisí Pẹ̀lẹ́ sì mi orí sí i pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Ìró bàtà ìyá náà lórí àtẹ̀gùn, bí ẹni ń kan ìṣó ni.

Ẹ̀dà fọ́tò náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Sisí Pẹ̀lẹ́ nu ojú rẹ̀, ó sì jókòó padà. Ó pa ìlà tó ti fà yí Oníjígí ká rẹ́. Ó padà sí ojú obìnrin náà, ó mú etí ìbòjú rọ̀ síi lábẹ́ etí, ó dá dúdú ara rẹ̀ padà síbi tí ìyá rẹ̀ ní kó wà, ó sì fi ìbòòji díẹ̀ sílẹ̀ níwájú orí, nítorí pé abẹ́ agboòrùn ni wọ́n wà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì ránṣẹ́ pe Àǹtí Nọ́ọ̀sì.

"Ẹ bá mi fún Màmá. Ẹ má bá mi bẹ̀ wọ́n o. Ẹ ṣáà fún wọn. Tiwọn ni."

Sátidé pé. Pálọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Oníjígí jókòó sétí àga, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Sisí Pẹ̀lẹ́ gbé omi wá, kò sẹ́ni tó mu ún.

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní," ni bàbá náà wí. "Lọ́jọ́ tí ìyàwó ẹ kú, ṣé òótọ́ ni pé o wà nílé tí o ń sùn?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Kí ló dé?"

Oníjígí wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò sí níbẹ̀, sà. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn."

"O ò ní àlàyé?"

"Àlàyé tí mo bá ṣe, á bọ́ sórí ẹni tí kò yẹ kó bọ́ sí. Ẹ jẹ́ ó wà lórí mi."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ojú. Sisí Pẹ̀lẹ́ fẹ́ kígbe mọ́ ọn pé kó sọ̀rọ̀, kó gba òun là, kó gba ara rẹ̀ là. Bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ ti apá àga, ó ti ń dìde.

"Ó tán nìyẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Kò dúró kí wọ́n ṣí i. Màmá Aránṣọ wọlé, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ kú ìjókòó. Ẹ ò mọ̀ mí. Èmi ni mo bí obìnrin tó kú."

Oníjígí dìde. "Màmá..."

"Dákẹ́. O ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí, máa dákẹ́ lọ." Ó kọjú sí bàbá náà. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó gbé fọ́tò wá fún mi ló sọ fún mi pé ẹ̀ ń bi í pé níbo ló wà. Nígbà tí ọmọ mi ò lè rìn mọ́, ẹ̀yìn ọkọ ẹ̀ ló máa ń wà lọ sí ilé ìwẹ̀. Mi ò lágbára láti gbé e. Ó ti pẹ́ tí oorun ti kúrò lójú ọmọkùnrin yìí, ó ń dúró ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mo ní kó lọ sùn, ó kọ̀. Mo ní ṣé mi ò tó tọ́jú ọmọ tí mo bí ni? Mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé nínú àpò ẹ̀, mo fi sí i lọ́wọ́, mo sì tì í jáde. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni ọmọ mi dákẹ́. Èmi ni mo ní kó lọ. Ó gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, kò sọ fún ẹnì kan rí pé èmi ni."

Oníjígí ti yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Bàbá Sisí Pẹ̀lẹ́ fa àga kan síwájú ìyá náà. "Ẹ jókòó, ìyá," ni ó wá sọ.

"Mi ò tíì ní jókòó. Mo ní ọmọkùnrin kan. Mo wá tọrọ ìyàwó fún un."

Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n wá tọrọ? Èmi ò ní ẹjọ́ mọ́. Dá wọn lóhùn."

Sisí Pẹ̀lẹ́ ń mi orí ṣáá pé òun gbà. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú omijé. "Àbí èyí náà, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ ni o fẹ́ ṣe é?" Ìgbà yẹn ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó gbé omi rẹ̀ mu.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Sisí Pẹ̀lẹ́ sin Màmá Aránṣọ dé ẹnu géètì.

"Ojú tí o ṣe yẹn," ni ìyá náà wí, kò wò ó, "òun gan-an ni." Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ṣùgbọ́n mo ṣì ń bínú sí ẹ o. Má rò pé ó ti tán."

"Mo mọ̀, mà."

"Tó bá tán, màá jẹ́ kí o mọ̀."

Kò tètè tán. Wọ́n ṣègbéyàwó, Màmá wá, ó jókòó sẹ́yìn, ó lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni tọkọtaya náà ń lọ kí i. Nígbà mìíràn á pẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn; nígbà mìíràn ọkọ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, á máa wo ìyàwó bí ẹni wo àlejò tó ṣìlé. Sisí Pẹ̀lẹ́ á délé, á sunkún, á tún padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kó sinmi, kó jẹ́ kí òun nìkan máa lọ. Ó ní rárá, òun náà ló ni màmá.

Lọ́dún kejì, orúnkún Màmá wú, Oníjígí sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ni Sisí Pẹ̀lẹ́ bá mú un lọ sí ọsibítù. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí, ó lọ gba oògùn, ó ń padà bọ̀, ló bá gbọ́ tí ìyá kan tó mọ Màmá láti ọjọ́ pípẹ́ ń bi í léèrè.

"Ta ni ọmọbìnrin tó ń sáré kiri nítorí yín yìí?"

"Ọmọ mi ni."

"Ọmọ yín kẹ̀? Mo ṣe bí ọ̀kan ṣoṣo lẹ bí, èyí tó di olóògbé?"

Màmá Aránṣọ rí i pé Sisí Pẹ̀lẹ́ ti dúró lẹ́yìn wọn. Kò yí ohùn padà, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Àbúrò ẹ̀ nìyẹn," ni ó wí, ó sì na ọwọ́ sí i pé kó fa òun dìde.